Ẹ̀kọ́ Kọkànlá: Owó Ta Ló Wà Lọ́wọ́ Alámòójútó Ilé?

A ò ní fi àkókò ṣòfò lórí bí wọ́n ṣe ń fi ilé han èèyàn. Ẹ mọ̀ ọ́n. Ọ̀pọ̀ nínú yín ti tẹ̀lé ẹ̀jẹ́ǹtì kiri rí, ẹ ti san owó fọ́ọ̀mù, ẹ ti gun àtẹ̀gùn lọ wo yàrá tí wọ́n ti gbà fún ẹlòmíì láti àná. Ẹ mọ àgírímẹ́ǹtì, ẹ mọ kọmíṣọ̀n, ẹ mọ owó káṣọ̀n. Ẹ mọ orúkọ gbogbo wọn. Ohun tí a fẹ́ kọ́ lónìí ni ẹni tó ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Iṣẹ́ alámòójútó ilé kì í ṣe iṣẹ́ ẹ̀jẹ́ǹtì tó kàn ń wá ayálégbé. Ẹ̀jẹ́ǹtì á gba tirẹ̀ lọ́jọ́ tí ayálégbé bá kó wọlé, ó di gbéré. Alámòójútó kò lọ síbì kankan. Òun ni wọ́n ń pè láàárọ̀ kùtù tí ṣalángá bá kún. Òun ló ń pe púlọ́mbà, òun ló ń gba owó ilé, òun ló ń parí ìjà àwọn tó ń pín owó iná, òun náà ló ń kọ ìṣirò ránṣẹ́ sí onílé tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Onílé yẹn ò rí ilé rẹ̀, ojú yín ló fi ń wò ó. Ìdí nìyí tí èèyàn fi lè fi iṣẹ́ náà jẹun títí ọjọ́ ogbó. Bí ẹ bá mójú tó ilé kan dáadáa, onílé á sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, ilé kan á di méjì, méjì á di mẹ́wàá.

Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí àwọn tó kọ́ṣẹ́ yìí ṣáájú yín ti ń ṣubú. Ibẹ̀ la ó dúró sí. A ó sọ ọ́, a ó tún un sọ.

Owó tó wà lọ́wọ́ yín kì í ṣe owó yín.

Ẹ jẹ́ ká kà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Owó tó wà lọ́wọ́ yín kì í ṣe owó yín.

Ẹ wo alájọ. Ìyá aláta ń dá ₦1,000 fún un lójoojúmọ́. Nígbà tí oṣù bá parí, owó gidi ti wà lápò alájọ. Èwo ni tirẹ̀ níbẹ̀? Ti ọjọ́ kan péré, ₦1,000. Gbogbo èyí tó kù, ti ìyá aláta ni, ì báà pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ alájọ. Bí alájọ bá wá fi í ra ọ̀kadà, ẹ mọ ohun tí ọjà máa fi ojú rẹ̀ rí.

Ó yá, ẹ mú bírò. Ká sọ pé fúláàtì oníyàrá méjì kan wà ní Ìkòròdú. Owó ilé rẹ̀ lọ́dún jẹ́ ₦800,000. Kọmíṣọ̀n jẹ́ ₦80,000. Àgírímẹ́ǹtì jẹ́ ₦80,000. Owó káṣọ̀n jẹ́ ₦100,000. Owó tí wọ́n fi ń san ọlọ́dẹ, agbálẹ̀ àti àtúnṣe ẹ̀rọ omi jẹ́ ₦60,000. Ayálégbé san gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ ṣírò rẹ̀: ₦1,120,000 ló wọ ọwọ́ yín.

Ta ló ni ín? Onílé ló ni ₦800,000. Lọ́yà tó kọ àgírímẹ́ǹtì ló ni ₦80,000. Ilé fúnra rẹ̀ ló ni ₦60,000, torí iṣẹ́ ilé la gbà á fún. Ayálégbé ló ni ₦100,000. Ẹ̀yin ń kọ́? ₦80,000, kọmíṣọ̀n yín. Nínú owó tó lé ní mílíọ̀nù kan, ₦80,000 péré lẹ lè fi ra ìrẹsì lọ sílé.

Kíláàsì máa ń gbà fún mi títí tí a ó fi dórí owó káṣọ̀n. Níbẹ̀ ni ariwo ti máa ń sọ. Àwọn kan á ní onílé ló ni ín, torí òun ló nilé. Àwọn kan á ní ti alámòójútó ni, torí ọwọ́ rẹ̀ ló wà. Rárá o. Ayálégbé ló ni owó káṣọ̀n. Lọ́jọ́ tó san án, tirẹ̀ ni. Bó bá lo ọdún márùn-ún nínú ilé, tirẹ̀ ṣì ni. Ẹ kàn ń bá a tọ́jú rẹ̀ ni, kó lè wà nílẹ̀ bó bá ba nǹkan jẹ́. Tí kò bá ba nǹkan kan jẹ́, gbogbo rẹ̀ lẹ máa kà lé e lọ́wọ́ lọ́jọ́ tó bá ń lọ.

Alámòójútó míì á ní: “Mo kàn yá a lò ni, màá dá a padà kó tó kó jáde.” Ta lẹ yá a lọ́wọ́ rẹ̀? Ṣé olówó mọ̀? Owó tí olówó ò mọ̀ pé ẹ mú, ẹ ò yá a. Ẹ ṣí àkáǹtì mìíràn fún owó káṣọ̀n ní báńkì, kí owó oúnjẹ yín má bàa dé ibẹ̀ rárá.

Kí la lè yọ nínú rẹ̀? Ohun tí ayálégbé bà jẹ́. Ohun tí ọjọ́ bà jẹ́ kò sí níbẹ̀. Gíláàsì tí ọmọ rẹ̀ fi bọ́ọ̀lù fọ́, òun ló fọ́ ọ. Ọ̀dà tó ṣí lára ògiri lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, oòrùn ló ṣí i. Kí ìjà má bàa wà, ẹ bá ayálégbé rìn yí ilé ká lọ́jọ́ tó gba kọ́kọ́rọ́. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: gíláàsì mélòó ló ti sán, ẹnu ẹ̀rọ èwo ló ń jò, kọ́kọ́rọ́ mélòó lẹ fún un, iye tó wà lójú míìtà. Kóun fọwọ́ sí i, kí ẹ̀yin náà fọwọ́ sí i.

Òfin wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí. Òfin ilé yíyá Ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011 kò mú Ìkòyí, Victoria Island, Àpápá àti GRA Ìkẹjà, ṣùgbọ́n ó mú Ìkòròdú tiwa. Ó ní kí rìsíìtì owó ilé gbé ọjọ́ tí wọ́n san án, orúkọ onílé àti ti ayálégbé, ibi tí ilé wà, iye owó, àti ìgbà tí owó náà wà fún. Owó káṣọ̀n àti owó iṣẹ́ ilé, rìsíìtì tiwọn gbọ́dọ̀ dá wà. Ayálégbé sì lẹ́tọ̀ọ́ láti rí àkọsílẹ̀ bí ẹ ṣe ná an, ó kéré tán lóṣù mẹ́fà mẹ́fà. Kì í ṣe ojú ire lẹ fi ń ṣe é fún un. Òfin kan náà ní kí ẹ má gba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Mo mọ̀ pé wọ́n ń gbà á.

Lílé ayálégbé jáde, a ó kà á ní ẹ̀kọ́ tó ń bọ̀. Kí ẹ ṣáà má yọ ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni, ẹ má kó àwọn ọmọ ìta bá a. Kóòtù ni wọ́n ti ń gba ilé. Ẹ má sì jẹ́ kí onílé rán yín pé ẹ má gba ẹ̀yà kan tàbí obìnrin tí kò tíì lọ́kọ. Ẹni tí owó rẹ̀ pé, tí ìwà rẹ̀ sì dáa, kí la fẹ́ fi ìlú bàbá rẹ̀ ṣe?

Ẹni tó bá fẹ́ lọ jìnnà nínú iṣẹ́ yìí lè kà á nílé ìwé. Wọ́n ń kọ́ ọ ní Yaba College of Technology àti ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn tó kà á, NIESV, ti wà láti 1969. Ní Èkó, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ilé títà àti ilé yíyá ni LASRERA. Ẹ lọ forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀.

Iṣẹ́ àṣetiléwá. Ayálégbé kan fẹ́ kó jáde ní fúláàtì tí a ṣírò lókè. Síǹkì ilé ìdáná tó fọ́ máa gba ₦18,000. Ọ̀dà ògiri ti ṣí, akunlé ní òun á gba ₦45,000. Onílé tẹ̀ yín láago pé kí ẹ yọ méjèèjì nínú owó káṣọ̀n. Alámòójútó tó wà níbẹ̀ ṣáájú yín sì ti ná ₦20,000 nínú rẹ̀. Ẹ kọ iye tí ẹ máa kà lé ayálégbé lọ́wọ́, ẹ kọ ẹni tó máa san ti ọ̀dà, ẹ sì kọ ẹni tó máa dá ₦20,000 padà. Ẹ má wo ìwé ẹni tó jókòó tì yín.