Kọ Ọ́ Sílẹ̀: Ẹ̀kọ́ Owó fún Akẹ́kọ̀ọ́ Girama



Ọ̀rọ̀ gbèsè ni áyà tó gùn jù lọ nínú Àlùkùránì, Suuratul-Baqarah 282, dá lé. Ó pàṣẹ pé kí a kọ gbèsè tí a dá ìgbà fún sílẹ̀, kí a sì pe ẹlẹ́rìí sí i. Kí ló wá dé tí ọmọ wa fi ń parí girama láìmọ bí a ti ń kọ owó sílẹ̀?

Bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ra ìwé kékeré kan, kí o pín ojú ewé rẹ̀ sí mẹ́ta: owó tó wọlé, owó tó jáde, gbèsè. Ká ní ₦3,000 ni wọ́n ń fún ọ lọ́sẹ̀. Yọ ₦300 sọ́tọ̀ kí o tó ná kọ́bọ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 12, ó ti di ₦3,600. Ẹni tó ní èyí nípamọ́ kò ní sáré yá owó elélèé lórí fóònù. Ribá ni èlé, harámù sì ni.

Má fojú kéré ₦200 tí o yá lọ́wọ́ ọ̀rẹ́. Ẹni tó jẹ gbèsè lè gbàgbé, ẹni tí a jẹ kì í gbàgbé.

Ìbéèrè fún ìpàdé wa: ta ni o jẹ lówó, ọjọ́ wo ni wàá san án?

Kí Ọlọ́hun fún wa ní arísìkí hàláàlì. Àmín.