Èrùwà, Koríko Tí Ọ̀gbẹlẹ̀ Kì í Pa

Ní agbègbè Alápòótí, nínú ìjọba ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà, ilé-iṣẹ́ àti ilé gbígbé ń gba oko lọ́wọ́ àgbẹ̀. Katakata á kọ́kọ́ ha ilẹ̀ náà mọ́ fónífóní. Òjò àkọ́rọ̀ á rọ̀, àgbàrá á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ kòtò. Ohun tí katakata ha dànù ni ì bá di ilẹ̀ náà mú: koríko.

Èyí tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ ni èrùwà. Àwọn Hausa ń pè é ní gamba. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni ilé rẹ̀, láti Òkè-Ògùn títí dé Òkè Ọya, àti káàkiri ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ó máa ń ga ju ènìyàn lọ; ó lè tó mítà 4.

Gbòǹgbò rẹ̀ ni kí ẹ fọkàn sí, torí ibẹ̀ ni agbára rẹ̀ wà. Oríṣi mẹ́ta ni. Àwọn tínínrín tẹ́ sí ìtòsí òkè ilẹ̀, àwọn ló ń tètè mu òjò. Àwọn kan nípọn bí okùn. Inú wọn ni èrùwà ń kó oúnjẹ pamọ́ sí. Àwọn ẹ̀kẹta wọlẹ̀ ṣinṣin lọ wá omi nísàlẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ̀ẹ̀rùn tilẹ̀ gùn tó oṣù 9, èrùwà kì í kú. Bí iná bá jó ewé rẹ̀, ìdí rẹ̀ á tún rú. A kì í tún un gbìn lọ́dọọdún bí àgbàdo.

Màlúù fẹ́ràn ewé rẹ̀ nígbà tó bá ṣì rọ̀. Bó bá gbó, igi rẹ̀ á le, ẹran á kọ̀ ọ́. Ìgbà náà ni àwọn ènìyàn ń gé e fi bo ilé tàbí fi ṣe ọgbà.

Òkìkí koríko yìí kọjá òkun. Láti Shika, lẹ́bàá Zaria, ni irúgbìn rẹ̀ ti dé Kòlóńbíà. Ní ọdún 1980, wọ́n fi lé àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ àti ti Bràsíìlì lọ́wọ́, torí pé ó ń hù dáadáa lórí ilẹ̀ tí kò lọ́ràá. Ọsirélíà náà mú un lọ, ṣùgbọ́n ọ̀ràn ni ó dà níbẹ̀. Ó bo igbó, iná rẹ̀ sì gbóná ju ti koríko ìbílẹ̀ wọn lọ fíìfíì, débi pé ó ń pa igi. Ní 2012, ìjọba wọn kà á mọ́ èpò tí gbogbo orílẹ̀-èdè gbọ́dọ̀ gbógun tì. Níbí, ẹran ń jẹ ẹ́, ènìyàn ń gé e, àwọn igi ọ̀dàn wa sì ti mọ iná tipẹ́. Ilé rẹ̀ ló wà.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ilẹ̀ ní Alápòótí, bí àgbàrá bá ti ń jẹ etí ilẹ̀ yín, ẹ hú ìdí èrùwà kan, ẹ pín in sí wẹ́wẹ́, kí ẹ gbìn ín súnmọ́ra nígbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ tò ó dábùú ọ̀nà tí omi ń gbà. Èyí tó bá wà nítòsí ilé, ẹ gé e kúrú kí ọyẹ́ tó dé, nítorí iná. Ẹ jọ̀wọ́, bí ẹ bá ń gé e, ẹ má ṣe fa gbòǹgbò rẹ̀ tu.