Ẹ Má Kó Ìwé Oníwé Lọ sí Ìkànnì Àjèjì Nítorí Àwòrán

Láti ọdún 2011 tí ìjọba àpapọ̀ ti dá Yunifásítì FUOYE sílẹ̀, tó ní ọgbà kan ní Ọ̀yẹ́ àti òmíràn ní Ìkọ̀lé, iṣẹ́ káfè ti di iṣẹ́ gidi lápá àríwá Èkìtì. Akẹ́kọ̀ọ́ á kó èsì WAEC, ìwé ọjọ́ ìbí àti ìwé ìdánimọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ wá, á ní kí wọ́n bá òun sọ wọ́n di JPEG, torí ìkànnì tí òun fẹ́ fi wọ́n sí kò gba PDF. Ní Ìdó, ẹni tó ń bọ̀ láti ilé-ìwòsàn ìkọ́ni ìjọba àpapọ̀ á mú èsì àyẹ̀wò wá, ó fẹ́ kí ọmọ òun tó wà lókè òkun rí i. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó ti kọ̀ǹpútà ni mò ń bá sọ̀rọ̀, àti ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ìwé yín fún wọn.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n á wá ìkànnì ọ̀fẹ́ tó ń sọ PDF di àwòrán lórí Google, wọ́n á ṣí èyí tó bá kọ́kọ́ yọjú, wọ́n á sì da ìwé oníbàárà síbẹ̀. Kíá ni àwòrán á jáde. Ṣùgbọ́n ìwé náà ti dé orí kọ̀ǹpútà ẹni tí a kò mọ̀, pẹ̀lú orúkọ, ọjọ́ ìbí àti nọ́ńbà NIN tó wà nínú rẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2025, ẹ̀ka FBI tó wà ní Denver, ní Amẹ́ríkà, kìlọ̀ fún gbogbo ènìyàn nípa irú ìkànnì bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní òmíràn á ṣe iṣẹ́ tí a bẹ̀ ẹ́ ní tòótọ́, ṣùgbọ́n ó lè ti fi fáírọ́ọ̀sì sínú fáìlì tó dá padà, ó sì lè máa ṣa nọ́ńbà ìdánimọ̀, ọ̀rọ̀ báńkì àti ọ̀rọ̀ aṣínà nínú ìwé tí a fi sílẹ̀ fún un. Èsì àyẹ̀wò aláìsàn ló dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀. Òfin ààbò dátà tí Nàìjíríà ṣe ní ọdún 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera mọ́ ohun ẹlẹgẹ́ tó nílò ààbò tó le ju ti ìyókù lọ.

Kò sì sí ìdí tí ìwé fi gbọdọ̀ kúrò nínú ṣọ́ọ̀bù. LibreOffice, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, á sọ ìwé Word di PDF. Pdftoppm, tó wà nínú àkójọ Poppler, á sọ ojú ìwé PDF kọ̀ọ̀kan di àwòrán. Àwọn méjèèjì ń ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, dátà yín kò ní jó. Ẹ lè kọ àṣẹ wọn sínú fáìlì kékeré kan, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kí gbogbo ìwé inú fódà di àwòrán bí ẹ ti ń dá oníbàárà mìíràn lóhùn.

Ibẹ̀ náà ni ewu kejì wà, torí kọ̀ǹpútà kò mọ ẹni tó ni ìwé, orúkọ fáìlì nìkan ló mọ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá mú CV.docx wá láàárọ̀, tí òmíràn tún mú CV.docx wá lọ́sàn-án, LibreOffice á kọ PDF ti ẹnì kejì lé ti ẹni àkọ́kọ́ lórí, kò sì ní bi yín kó tó ṣe é. Ẹni àárọ̀ á padà wá gba iṣẹ́ rẹ̀, ẹ ó sì fi ìwé ẹlòmíràn lé e lọ́wọ́. Ẹ ṣí fódà ọ̀tọ̀ fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan, kí orúkọ rẹ̀ àti déètì ọjọ́ náà wà lára fódà. Ẹ má sì jẹ́ kí àṣẹ kankan kan ojúlówó ìwé. Mogrify, tó wà nínú àkójọ irinṣẹ́ àwòrán tó ń jẹ́ ImageMagick, lè kọ àyípadà rẹ̀ lé àwòrán tí ẹ fún un lórí.

Bí ẹ bá ní kí LibreOffice sọ ìwé Word di PNG tààrà, ojú ìwé àkọ́kọ́ nìkan ló máa mú jáde. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí ó kọ́kọ́ di PDF. Ẹ wo ìwọ̀n rẹ̀ pẹ̀lú: bí ẹ bá fi ImageMagick sọ PDF di àwòrán, tí ẹ kò sì sọ iye píksẹ́lì fún íǹṣì kan, 72 ló máa lò, ojú ìwé A4 á sì di píksẹ́lì 595 ní ìbú, 842 ní gígùn, lẹ́tà wẹ́wẹ́ á ṣú. Ẹ fi -r 300 sínú àṣẹ pdftoppm, á di nǹkan bíi 2480 ní ìbú, 3508 ní gígùn. Bí ìkànnì bá gba PNG, òun ni kí ẹ lò, torí JPEG máa ń jẹ etí lẹ́tà.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi ojú yín ka nọ́ńbà inú àwòrán mọ́ ti inú ìwé. Ní ọdún 2013, David Kriesel, onímọ̀ kọ̀ǹpútà ní Jámánì, fi hàn pé àwọn ẹ̀rọ Xerox kan ń sọ 6 di 8 nínú ìwé tí wọ́n bá ya, nítorí ọ̀nà tí wọ́n fi ń dín fáìlì kù. Lẹ́tà inú àwòrán náà mọ́ kedere, nọ́ńbà rẹ̀ ni kò tọ̀nà.

Bí oníbàárà bá ti gba iṣẹ́ rẹ̀, ẹ pa fódà rẹ̀ rẹ́ lójú rẹ̀, kí ẹ sì kó o kúrò nínú Recycle Bin. Oníbàárà náà lẹ́tọ̀ọ́ láti dúró wo èyí.

Ẹni tó bá ti fi ìwé rẹ̀ sí ìkànnì bẹ́ẹ̀, kí ó fi fóònù tàbí kọ̀ǹpútà mìíràn tó dá a lójú pààrọ̀ ọ̀rọ̀ aṣínà ímeèlì àti ti báńkì rẹ̀, kí ó sì sọ fún báńkì bí BVN tàbí nọ́ńbà àkáǹtì bá wà nínú ìwé náà. Ẹ má ṣí fáìlì tí ìkànnì náà dá padà mọ́. Ẹ fi sọ́fítíwíà tó ń gbógun ti fáírọ́ọ̀sì yẹ kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù wò kí oníbàárà mìíràn tó ki fláàṣì rẹ̀ bọ̀ ọ́.