Ẹ̀kọ́ Lórí Dírípù: Omi Tí A Ń Fi Òṣùwọ̀n Gbà

Dírípù ni ẹ̀kọ́ wa dá lé. Àwọn Hausa tí a ń bá gbé ń pè é ní ƙarin ruwa, ìyẹn àfikún omi. Ní ọdún 1832 ni Dókítà Thomas Latta, ní Scotland, fi omi iyọ̀ sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ àwọn tí kọ́lẹ́rà dá dùbúlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á mọ àwọn ohun èlò rẹ̀:

1. Àpò omi. Normal saline ní iyọ̀ gíráàmù 9 nínú lítà 1. Dextrose 5% ní ṣúgà gíráàmù 50 nínú lítà 1. Nítorí náà, àpò mílílítà 500 kò ju ṣúgà ṣíbí kékeré mẹ́fà lọ. Kò lè rọ́pò oúnjẹ.

2. Giving set. Rọ́bà tí omi ń gbà kọjá nìyí. Inú ike kékeré tó wà lókè rẹ̀, chamber, ni a ti ń ka ẹ̀kán omi. Kí á tó so ó mọ́ aláìsàn, omi gbọ́dọ̀ ti lé afẹ́fẹ́ inú rọ́bà jáde.

3. Regulator. Òun ló ń dín omi kù, tó sì ń fi kún un.

4. Kánúlà. Ike tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń kù nínú iṣan nígbà tí a bá yọ abẹ́rẹ́. Bí nọ́ńbà rẹ̀ bá ṣe ga tó ni ihò rẹ̀ ṣe kéré tó: 18 tóbi ju 22 lọ.

Ìṣirò rẹ̀: bí dókítà bá ní mílílítà 500 ní wákàtí 4, tí ẹ̀kán 20 sì jẹ́ mílílítà 1, 500 lọ́nà 20 jẹ́ 10,000. Ẹ pín in sí ìṣẹ́jú 240: nǹkan bí ẹ̀kán 42 ní ìṣẹ́jú kan.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú aláìsàn, ẹ má ṣí regulator sílẹ̀ gbayawu kí omi lè tètè tán. Omi tó bá yára jù lè kún inú ẹ̀dọ̀fóró, kí èémí sì dí. Ó lè pa ọmọdé, àgbàlagbà, tàbí ẹni tí ọkàn tàbí kíndìnrín rẹ̀ kò dá ṣáṣá. Bí ọwọ́ bá wú, tó ń dunni, tàbí tí aláìsàn ń mí hẹlẹhẹlẹ, nọ́ọ̀sì ni kí ẹ pè kíá.

Ìdánwò: mílílítà 100 ní wákàtí 2 fún ọmọdé, ẹ̀kán 60 jẹ́ mílílítà 1. Ẹ̀kán mélòó ní ìṣẹ́jú kan? (Ìdáhùn: 50.)