"Kòkòrò Eyín" tàbí Eyín Jíjẹrà? Ọ̀rọ̀-Ìperí àti Ojúṣe Ìdènà Àrùn Eyín Ọmọdé

1. Ìfáárà

Ojúṣe ta ni ó jẹ́ láti dènà eyín jíjẹrà lára àwọn ọmọdé? Ní ìwò àkọ́kọ́, ìbéèrè yìí dà bí ẹni pé kò kan onímọ̀ èdè rárá. Òbí, nọ́ọ̀sì àti dókítà eyín ni ènìyàn yóò kọ́kọ́ rò pé ó kàn. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé ìbéèrè náà kalẹ̀ ní èdè Yorùbá, ní ìlú bíi Ìdògò ní ẹkùn Yewa, nítòsí ààlà orílẹ̀-èdè Benin, ìdáhùn tí yóò wáyé kò ní ṣàì gbára lé orúkọ tí àwọn ènìyàn ń pe àrùn náà. Ẹni tí ó bá gbà pé kòkòrò ni ó jẹ eyín ọmọ yóò wá ẹni tí yóò pa kòkòrò. Ẹni tí ó bá gbà pé ṣúgà àti àìfọ eyín ni ó fà á yóò yí ojú sí ilé, ilé-ìwé, ọjà àti ìjọba.

Èrò tí àpilẹ̀kọ yìí gbé kalẹ̀ ni pé orúkọ àrùn a máa pín iṣẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó pín in. Nítorí náà, ojúṣe olùkọ́ àti ògbufọ̀ ṣáájú ti dókítà: àwọn ni yóò yan ọ̀rọ̀ tí yóò jẹ́ kí òbí mọ̀ pé ohun tí ó ṣeé dènà ni àrùn yìí.

2. Bí èdè ṣe ń sọ̀rọ̀ nípa eyín tí ó bàjẹ́

Ọ̀nà mẹ́ta ni àwọn Yorùbá sábà máa ń gbà sọ ọ̀rọ̀ náà:

(1) a. Kòkòrò jẹ ọmọ náà ní eyín.
    b. Eyín ọmọ náà ti jẹrà.
    d. Akokoro ń da ọmọ náà láàmú.

Ní (1a), "kòkòrò" ni olùwà gbólóhùn, òun náà sì ni olùṣe. Ní (1b), kò sí olùṣe kankan: eyín jẹrà fúnra rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí èso ṣe ń jẹrà lórí igi. Ní (1d), ìrora nìkan ni èdè dárúkọ, kò sì sọ ohun tí ó fà á. Ohun tí ó yẹ kí a ṣàkíyèsí ni pé nínú gbólóhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí ibi tí a ti dárúkọ oúnjẹ, kò sì sí ibi tí a ti dárúkọ ọwọ́ ènìyàn. Bí ẹnikẹ́ni bá gbọ́ wọn, kò rí iṣẹ́ kan tí òun ìbá ti ṣe ṣáájú kí eyín tó bàjẹ́.

Kì í ṣe pé àwọn Yorùbá kò mọ̀ pé ohun dídùn léwu. Ọ̀rọ̀ náà "jẹ̀díjẹ̀dí" jẹ́ ẹ̀rí. Àìmọye òbí ni ó máa ń kìlọ̀ fún ọmọ pé kí ó má lá ṣúgà jù nítorí jẹ̀díjẹ̀dí. Ìkìlọ̀ wà nílẹ̀ nígbà náà, ẹni tí yóò ṣe é sì wà. Ìdí nìkan ni èdè so ó mọ́, kò so ó mọ́ eyín. Olùkọ́ tí ó bá mọ èyí yóò rí i pé kò pọn dandan kí òun bẹ̀rẹ̀ láti òfo. Ìmọ̀ tí àwọn ènìyàn ti ní ni yóò mú kúrò níbì kan lọ sí ibòmíràn.

Bẹ́ẹ̀ ni ìgbàgbọ́ nínú kòkòrò eyín kì í ṣe ti Yorùbá nìkan. Ó wà nínú ọfọ̀ àwọn ará Bábílónì àtijọ́. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, àwọn oníṣègùn kan máa ń sun èso ewéko kan kí èéfín rẹ̀ lè wọ ẹnu aláìsàn. Èso tí ó ti là nínú iná a sì dà bí ìdin, wọn a ní kòkòrò ti jáde. Ní ọdún 1728 ni Pierre Fauchard, oníṣègùn eyín ní ilẹ̀ Faransé, tẹ ìwé rẹ̀ jáde, tí ó sì sọ pé òun kò rí kòkòrò kankan. Ó tọ́ka sí ṣúgà gẹ́gẹ́ bí ọ̀tá eyín. Ní ọdún 1890, W. D. Miller, ọmọ Amẹ́ríkà tí ó ṣiṣẹ́ ní ìlú Berlin, ṣàlàyé bí ohun ẹlẹ́mìí tí ojú lásán kò lè rí ṣe ń sọ oúnjẹ inú ẹnu di ásíìdì tí ń jẹ eyín.

3. Bí eyín ṣe ń jẹrà

Ohun mẹ́rin ni ó gbọ́dọ̀ pàdé kí eyín tó jẹrà: eyín fúnra rẹ̀, bakitéríà inú ẹnu, ṣúgà, àti àkókò. Bakitéríà a máa gbé inú ìdọ̀tí yíyọ̀ tí ó ń lẹ̀ mọ́ eyín. Bí ṣúgà bá dé ibẹ̀, wọn a sọ ọ́ di ásíìdì, ìyẹn omi kíkan. Ásíìdì yìí a sì máa yọ èròjà líle kúrò nínú ìbora eyín, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìbora náà ni ó le jù lọ nínú gbogbo ara ènìyàn. Itọ́ a máa dá èròjà náà padà díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ó nílò nǹkan bí ìdajì wákàtí sí wákàtí kan lẹ́yìn tí ènìyàn bá jẹ ohun dídùn tán. Ọmọ tí ó lá súìtì ní òwúrọ̀, tí ó mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò nígbà ìsinmi ní ilé-ìwé, tí ó tún ń jẹ bisikíìtì bọ̀ nílé, kò fún itọ́ ní àyè láti ṣiṣẹ́.

Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Vipeholm, ní orílẹ̀-èdè Sweden, láàárín ọdún 1945 sí 1955, fìdí èyí múlẹ̀. Ó fi hàn pé súìtì tí ń lẹ̀ mọ́ eyín, tí a sì ń jẹ láàárín oúnjẹ kan sí èkejì, ni ó ń ba eyín jẹ́ jù. Àbùkù ńlá wà lára ìwádìí náà, nítorí pé àwọn aláìlera ọpọlọ tí wọn kò lè fọwọ́ sí i fúnra wọn ni wọ́n fi ṣe é.

Eyín ọmọdé jẹ́ 20. Nítorí pé wọ́n ń bọ̀ wá yọ, àwọn òbí kan kì í kà wọ́n sí. Àṣà jíju eyín tí ó yọ sórí òrùlé pẹ̀lú òkúta wẹ́wẹ́ ń fi yé ọmọ pé òmíràn yóò rọ́pò rẹ̀. Àṣà náà dára, ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kò sọ. Ní nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́fà, eyín kan máa ń hù ní ẹ̀yìn gbogbo eyín ọmọdé, lókè àti nísàlẹ̀, lọ́tùn-ún àti lósì. Eyín àgbà ni, kò sì rọ́pò eyín kankan. Nítorí pé eyín kankan kò yọ kí ó tó hù, òbí a máa rò pé eyín ọmọdé ni. Bí ó bá jẹrà, kò sí òmíràn tí yóò hù dípò rẹ̀.

4. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí ó yẹ kí ògbufọ̀ ṣọ́ra fún

Èkíní ni "kòkòrò". Nínú ọ̀pọ̀ ìwé ìlera, "kòkòrò àìfojúrí" ni ìtumọ̀ tí wọ́n fún bakitéríà. Nínú àlàyé nípa ibà onígbáméjì, ìtumọ̀ náà kò ní ìpalára. Ṣùgbọ́n nígbà tí nọ́ọ̀sì bá sọ fún ìyá ọmọ pé kòkòrò àìfojúrí ni ó wà ní eyín ọmọ rẹ̀, ohun tí ìyá náà gbọ́ ni pé ìjọba pàápàá ti gbà pé kòkòrò ń jẹ eyín. Ìgbàgbọ́ àtijọ́ ti rí ẹlẹ́rìí tuntun. Ẹni tí ń ta oògùn kòkòrò eyín nínú ọkọ̀ yóò jẹ èrè rẹ̀.

Èkejì ni "ìtọ́jú". Ọ̀rọ̀-ìṣe "tọ́jú" gba ìtumọ̀ púpọ̀: a lè tọ́jú owó, a lè tọ́jú ọmọ, dókítà a sì máa tọ́jú aláìsàn. Bí ìwé ìléwọ́ bá béèrè pé "Ta ni ó yẹ kí ó tọ́jú eyín ọmọ?", ọ̀pọ̀ òǹkàwé yóò dáhùn pé dókítà ni. Ìdènà ni òǹkọ̀wé ní lọ́kàn. Ìwòsàn ni òǹkàwé rí.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ tí à ń lò fún ẹni tí ọ̀ràn kàn. Ẹni tí ó fa nǹkan, ẹni tí ó jẹ̀bi, àti ẹni tí iṣẹ́ wà lọ́rùn rẹ̀ kì í ṣe ẹnìkan náà. Ìyá tí ó fi súìtì tu ọmọ nínú kò mọ̀ pé ewu ni. Ó lè wà lára ohun tí ó fa àrùn láìjẹ̀bi. Ìjọba kò fún ọmọ ní súìtì, síbẹ̀ iṣẹ́ wà lọ́rùn rẹ̀. Bí ògbufọ̀ bá fi "ẹ̀bi" sí ibi tí "ojúṣe" yẹ, ìyá yóò pa ẹnu mọ́, kò sì ní mú ọmọ wá títí ìrora yóò fi dé.

5. Pínpín ojúṣe: àpẹẹrẹ Ìdògò

Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹnìkan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í wò ó. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí a kò bá pín iṣẹ́ fún igba ènìyàn náà, olúkúlùkù yóò rò pé ẹlòmíràn ti ṣe é.

Ti òbí ni èyí tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ilé. Ọmọ tí kò tíì tó bí ọdún méje kò lè fọ eyín ara rẹ̀ dáadáa. Bàbá tàbí ìyá ni yóò bá a fọ̀ ọ́, lẹ́ẹ̀méjì lójúmọ́, pàápàá kí ó tó sùn. Ọṣẹ ìfọyín tí ó ní fulóráìdì ni ó dára. Fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, kí ó má ju wóró ìrẹsì lọ. Láti ọdún mẹ́ta sí mẹ́fà, kí ó tó wóró ẹ̀wà. Orín àtà, orín ìjẹ̀bú àti orín ewúro kò yẹ ní fífi ṣẹ̀sín. Ní ọdún 1987, Àjọ Ìlera Àgbáyé gba àwọn tí orín jẹ́ àṣà wọn níyànjú pé kí wọ́n máa lò ó. Ṣùgbọ́n ọmọ kékeré kò lè run orín bí àgbà. Fídà tí a po ṣúgà sí kò sì yẹ ní ẹnu ọmọ tí ó ti sùn.

Ti olùkọ́ ni èyí tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilé-ìwé àti ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀, níbi tí àwọn olùtajà ń dúró sí. Iṣẹ́ tí Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1970 ti fi hàn pé ọmọ lè kọ́ sáyẹ́ǹsì ní èdè Yorùbá kí ó sì yé e. Ẹ̀kọ́ nípa eyín jẹ́ ọ̀kan tí ọmọ lè fi ojú ara rẹ̀ rí nínú dígí.

Ti ìjọba ìbílẹ̀ ni ilé ìlera. Ìdògò wà lábẹ́ Ìjọba Ìbílẹ̀ Gúúsù Yewa, tí olú rẹ̀ wà ní Ìlaròó. Àfikún Kẹrin sí òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 1999 fún ìjọba ìbílẹ̀ ní ipa nínú ètò ìlera àti ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Kò pọn dandan kí dókítà eyín wà ní gbogbo ìlú kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn ìyá ń gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ní oṣù kẹsàn-án, lẹ́yìn tí eyín àkọ́kọ́ sábà máa ń ti hù. Kí nọ́ọ̀sì ṣí ẹnu ọmọ wò ní ọjọ́ náà, kí ó sì fi bí a ṣe ń fọ̀ ọ́ han ìyá, kò gba ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ.

Ti ìjọba àpapọ̀ àti ti àwọn oníléeṣẹ́ ni ohun tí ó ti ìta wọlé. Láyé ìjọba amúnisìn, Ìdògò ni ojú irin tí ó yà ní Ifọ̀, tí ó gba Ìlaròó kọjá, parí sí. Ìlú tí ó wà ní òpin ojú irin, nítòsí ààlà, kọ́ ni ó ń pinnu irú ọjà tí yóò dé bá a. Lára ọjà ẹ̀bá ààlà, Gẹ̀ẹ́sì tàbí Faransé ni wọ́n sábà fi ń kọ ohun tí ó wà nínú wọn. Yorùbá, tí ó jẹ́ èdè olùrà ní Ìdí-Ìrókò àti ní Kétu, kì í sí níbẹ̀. Òfin ìṣúná ọdún 2021 bu owó orí ₦10 lé lítà kọ̀ọ̀kan ohun mímu aláìlọ́tí tí a fi ṣúgà sí. Ní ọdún 2021 kan náà ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ọṣẹ ìfọyín olófulóráìdì kún àkójọ àwọn oògùn kòṣeémánìí. Àbùṣe ọ̀rọ̀ náà wà nínú Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003: abala 13 rẹ̀ dárúkọ ìjọba, òbí, alágbàtọ́ àti ilé-iṣẹ́ tí ọmọ wà níkàáwọ́ wọn pọ̀ gẹ́gẹ́ bí àwọn tí yóò sapá fún ìlera ọmọ. Òfin kò dá ìyá nìkan dá a.

6. Àbá lórí ọ̀rọ̀-ìperí

(2) a. eyín jíjẹrà: àrùn náà fúnra rẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin.
    b. ihò eyín: ibi tí eyín ti lu, ìpele àrùn ni, kì í ṣe orúkọ àrùn.
    d. akokoro: ìrora eyín nìkan.
    e. bakitéríà ẹnu: dípò "kòkòrò àìfojúrí", níbikíbi tí ọ̀rọ̀ bá kan eyín.
    ẹ. ìbora eyín: ìpele òde tí ó le.
    f. ìdènà: ohun tí a ṣe kí àrùn má baà bẹ̀rẹ̀, "ìwòsàn" ni kí ó dúró fún iṣẹ́ dókítà.
    g. kòkòrò eyín: kí a fi í sílẹ̀ fún ìtàn àti ìgbàgbọ́.

Bí (1b) kò tilẹ̀ ní olùṣe, "eyín jíjẹrà" ni ó sàn jù, nítorí pé ó fi àyè sílẹ̀ fún àpólà tí yóò sọ okùnfà. Olùkọ́ lè sọ pé "Ṣúgà àti àìfọ eyín ni ó mú kí eyín ọmọ náà jẹrà." Nínú gbólóhùn yìí, ọmọ ilé-ìwé rí ohun méjì tí ọwọ́ ènìyàn lè ká. Gbólóhùn (1a) kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Kòkòrò ti gba ipò olùṣe, ó sì ti tì í pa.

7. Ìgúnlẹ̀

Ìròyìn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2022 sọ pé nǹkan bí mílíọ̀nù 514 ọmọdé ní àgbáyé ni ó ní eyín ọmọdé tí ó jẹrà. Ọmọ tí eyín ń dùn kì í sùn, kì í jẹun, kì í sì í gbọ́ ohun tí olùkọ́ ń sọ. Òbí ni yóò fọ eyín rẹ̀. Olùkọ́ ni yóò kọ́ ọ ní ìdí rẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ ni yóò yẹ ẹnu rẹ̀ wò. Ìjọba àpapọ̀ ni yóò ṣọ́ ohun tí oníléeṣẹ́ ń tà fún un. Ti ògbufọ̀ ni pé kí ó rí i dájú pé nígbà tí wọ́n bá sọ̀rọ̀ náà létí ìyá ọmọ ní Ìdògò, iṣẹ́ ni yóò gbọ́, kì yóò gbọ́ kòkòrò.