Ẹyin Tuntun, Ẹ Má Tètè Fọ̀ Ọ́

Ohun tí a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a fagbára mú ní í le koko. Bí òwe yìí bá tọ́ sí ohun kan nínú ilé ìdáná wa, ẹyin ni. Ọ̀pọ̀ ló jẹ́ pé bí wọ́n bá ti gbé kírétì ẹyin dé láti oko adìyẹ, tí wọ́n rí ìgbẹ́ àti ìyẹ́ lára rẹ̀, omi ọṣẹ ló kàn. Wọn a rẹ ẹ́, wọn a fi kànrìnkàn ha á títí yóò fi máa dán. Ìmọ́tótó ni wọ́n ń wá, àmọ́ ààbò ẹyin gan-an ni wọ́n ń bó dànù.

Nígbà tí adìyẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yé ẹyin, ara rẹ̀ máa ń tutù rinrin. Omi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yẹn kì í pẹ́ gbẹ mọ́ ọn lára, iṣẹ́ ńlá ló sì ń ṣe. Èèpo ẹyin tí a rò pé ó dí pinpin ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ihò tí ojú lásán kò lè rí, ohun tó gbẹ yẹn ló sì dí wọn mọ́ kòkòrò àrùn. Bí a bá fọ̀ ọ́ kúrò, ilẹ̀kùn ti ṣí. Omi tútù tiẹ̀ tún burú jù: ohun inú ẹyin á súnkì, á sì fa omi ìdọ̀tí wọlé.

Ní Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ a máa fọ ẹyin kó tó dé ọjà, nítorí náà dandan ni kó wà nínú fíríìjì. Ní Bìrìtìkó, wọn kì í fọ èyí tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù, orí àtẹ lásán ni ẹ ó sì ti bá a. Ọ̀nà méjèèjì ló dára. Dída wọn pọ̀ ni kò dára.

Nítorí náà, aṣọ gbígbẹ ni kí ẹ fi rọra nu ẹyin yín. Èyí tí ìgbẹ́ bá lẹ̀ mọ́ gan-an, ẹ yà á sọ́tọ̀. Ìgbà tí ẹ bá fẹ́ sè é gan-an ni kí ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ̀ ọ́. Èyí tó bá ti sán, ẹ má tọ́jú rẹ̀ rárá.

Bí iná bá ń dúró ládùúgbò yín, inú fíríìjì ló dára jù, kì í ṣe ara ilẹ̀kùn rẹ̀ tí ooru ń fẹ́ sí ní gbogbo ìgbà tí a bá ṣí i. Ẹ dojú ibi tó tóbi lára ẹyin sókè. Bí iná bá ń lọ tó ń bọ̀, ẹyin á máa làágùn, omi yẹn á sì la ọ̀nà fún àrùn. Irú ilé bẹ́ẹ̀, ẹ ra ìwọ̀nba, kí ẹ gbé e síbi tó tutù, tí atẹ́gùn ń fẹ́, tó jìnnà sí sítóòfù. Ẹyin adìyẹ ìbílẹ̀ tí àkùkọ wà láàárín wọn, ẹ máa kó o lójoojúmọ́, torí ooru lè mú kí ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í dá nínú rẹ̀. Ẹ tan iná fóònù sí i lẹ́yìn nínú òkùnkùn: bí ẹ bá rí iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín, ó ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Wọ́n ní ojú la ti ń mọ ọ̀kà tí yóò yó ni. Ẹyin kò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tó léfòó nínú omi ti pẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n èyí tó rì kò sọ pé òun mọ́. Kòkòrò Salmonella lè ti wọ inú ẹyin láti inú adìyẹ, kí èèpo tó bò ó. Ẹyin náà kò ní rùn, kò sì ní yí àwọ̀ padà. Sísè é jinná dáadáa ló ń pa kòkòrò náà. Ìdí nìyí tí mi ò fi fara mọ́ gbígbé ẹyin tútù mì nítorí ohùn orin, tàbí pípò ó mọ́ móòtì. Ẹyin sísè pàápàá, ẹ jẹ ẹ́ kí wákàtí 2 tó kọjá, àbí kí ẹ gbé e sínú fíríìjì.

Ẹ fọwọ́ yín lẹ́yìn tí ẹ bá fọwọ́ kan ẹyin. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún aboyún, ọmọ kékeré tàbí arúgbó ní ẹyin tí pupa rẹ̀ ṣì ń ṣàn.