Sí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń gun kẹ̀kẹ́ l'Ékòó

Ọ̀tan-Ilé,
Ìjọba Ìbílẹ̀ Obòkun,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo dúpẹ́ fún ìtọ́jú tí o ṣe mí nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ rẹ ní Bárígà. Mo délé láyọ̀. Ìyá rẹ ti bi mí ní gbogbo ohun tí ojú mi rí, mo sì sọ èyí tó yẹ kí n sọ. Ṣùgbọ́n ti kẹ̀kẹ́ ológeere tí o ń gùn lọ síbi iṣẹ́ ní Yábà, mo ní ọwọ́ ara mi ni n ó fi kọ ọ́ sí ọ. Lórí fóònù, kí n tó sọ gbólóhùn méjì, o ti máa ń ní, "Ẹ má dààmú, Bàbá."

N kò ní sọ pé kí o tà á. Mo mọ̀ pé ohun tí àwọn kan nínú ẹbí ń retí nìyẹn, wọn ó sì bínú sí mi. Láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí Ààrẹ Tinubu ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti tán, tí lítà epo bẹntiróòlù tí kò tó 200 náírà sì lé ní 480 kí oṣù náà tó parí, ẹni tó bá rí ọgbọ́n tí kò fi ní máa kó owó oṣù rẹ̀ fún dánfó kò jalè. Ìdílé wa náà kì í ṣe àlejò kẹ̀kẹ́. Òṣómàáló ni bàbá bàbá rẹ. Raleigh dúdú ló ní, èyí tí wọ́n ṣe ní ìlú Nottingham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Á di aṣọ sẹ́yìn rẹ̀, á gbọ̀nà Èkìtì lọ, á tà á láwìn fún ẹni tó fẹ́, tí àsìkò owó bá sì tó, á tún padà lọ lóṣòó síwájú onígbèsè títí yóò fi rí owó rẹ̀ gbà. Kẹ̀kẹ́ yẹn kan náà ni mo fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń gùn ún, orí òkè àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ilẹ̀ wa yìí ni mo sì ti kọ́ ọ. Apá òsì ọ̀nà ni ọlọ́kọ̀ ní Nàìjíríà ṣì ń gbà nígbà náà, ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 ni a tó yí sí apá ọ̀tún.

Láyé ọjọ́un, kẹ̀kẹ́ ń gba láísẹ́ńsì lọ́wọ́ kánsù. Wọ́n á fi páànù kékeré kan mọ́ ọn tí yóò fi hàn pé o ti san owó. Ẹni tó bá sì gùn ún lálẹ́ láìtan iná, ọlọ́pàá ìbílẹ̀ á dá a dúró, ọ̀rọ̀ náà sì lè dé kọ́ọ̀tù. A kórìíra wọn bí nǹkan míì. Ìgbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ ni mo tó mọ ohun tí ìyọlẹ́nu yẹn ń ṣe fún wa. L'Ékòó, kò sẹ́ni tó bi ọ́ ní láísẹ́ńsì, kò sẹ́ni tó bi ọ́ ní iná. Inú rẹ dùn sí i, o tiẹ̀ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ àwọn ọlọ́kọ̀ tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó LASTMA ń mú. Inú tèmi kò dùn sí i rárá. Ohun tí ìlú kò bá béèrè, ìlú kò kà á sí. Dẹ́rẹ́bà tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ kò bá ọ ṣọ̀tá, kò kàn ní ọ lọ́kàn pé o wà níbẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí mo ní fún ọ ni pé kí o máa gun kẹ̀kẹ́ bí ẹni tí wọn kò tíì rí, kí o sì ṣe gbogbo ohun tó bá gbà kí wọ́n lè rí ọ.

Mo wo àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ dáadáa ní gbogbo ìgbà tí mo lò níbẹ̀. Irú méjì ni mo rí. Ti àkọ́kọ́ ni àwọn tálákà tí kò sẹ́ni tó ń wò wọ́n: mẹ́gáàdì tó ń ti ibi iṣẹ́ òru bọ̀, oníbúrẹ́dì tó kó ẹrù ga ju orí ara rẹ̀ lọ, àwọn ọmọ Hausa tó fi okùn di ìdì ẹrù sẹ́yìn. Ti èkejì ni àwọn olówó tí o mú mi lọ wò lówùúrọ̀ kùtù níbi afárá Lekki sí Ìkòyí, èyí tí wọ́n ṣí ní 2013: akoto lórí, ṣòkòtò tó lẹ̀ mọ́ itan, wọ́n tò tẹ̀ lé ara wọn bí ẹyẹ lékeléke, mọ́tò tiwọn sì wà lẹ́yìn tó ń ṣọ́ wọn. Eré ìdárayá ni wọ́n ń fi kẹ̀kẹ́ ṣe, iṣẹ́ kọ́ ni wọ́n ń fi lọ. Láàárín àwọn méjèèjì yìí, ìwọ pẹ̀lú ṣáàtì funfun àti báàgì kọ̀ǹpútà rẹ ni mo rí. Mo gbọ́ bí ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì ibi iṣẹ́ rẹ ṣe ní kí o lọ so ó mọ́ òpó iná níta, torí ọgbà ọlọ́kọ̀ ni wọ́n ní ibẹ̀. Ìwọ̀sí ni, mo gbà. Lọ bá ọ̀gá rẹ sọ ọ́ jẹ́jẹ́, má bá ẹ̀ṣọ́ yẹn jà. Kì í ṣe òun ló ṣòfin náà.

Wàyí o, nípa bí o ṣe ń gùn ún. Mo tẹ̀ lé ọ lẹ́yìn nínú Márúwá ní òwúrọ̀ kan, o kò mọ̀. Ẹ̀bá ọ̀nà ni o ń gbà, o sún mọ́ gọ́tà débi pé ẹsẹ̀ rẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ha kọnkéré. Ẹ̀kọ́ ilé ni, o fẹ́ kí ọlọ́kọ̀ ráyè kọjá. Ní Ọ̀tan, ẹ̀bá ọ̀nà dára. L'Ékòó, ibẹ̀ gan-an ni ewu kó jọ sí. Ibẹ̀ ni dánfó ti ń yà láìtan iná, ibẹ̀ ni kọ̀ńdọ́ ti ń bẹ́ sílẹ̀ kí mọ́tò tó dúró, ibẹ̀ ni aláta gbé tábìlì sí. Ọ̀kadà tí ìjọba lé kúrò ní òpópónà 475 nínú òfin ọdún 2012, tí wọ́n sì fòfin dè káàkiri Ṣómólú, tó fi mọ́ Bárígà yín, ní 2022, kò kúrò ńlẹ̀ tán. Ẹ̀bá ọ̀nà ni wọ́n ń gbà sá fún ọlọ́pàá, wọ́n á sì doríkọ ọ́ láti iwájú. Ìgbà tí mo tún bọ́ sílẹ̀ wo irin tí wọ́n tẹ́ bo ojú gọ́tà kan nítòsí ilé rẹ, irin náà kò dábùú ọ̀nà, ó tẹ̀ lé e gbọọrọ ni. Ìka mi mẹ́ta wọ àárín irin kan sí èkejì. Táyà rẹ kò fẹ̀ tó ìka mẹ́ta.

Nítorí náà, fi ìwọ̀n apá kan sílẹ̀ láàárín ìwọ àti ẹ̀bá títì. Wọn ó fọn fèrè mọ́ ọ. Jẹ́ kí wọ́n fọn ọ́n. Ẹni tó fọn fèrè mọ́ ọ ti rí ọ nìyẹn, ẹni tí kò fọn ún ni kí o bẹ̀rù.

Má wo iná dánfó, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní. Táyà iwájú rẹ̀ ni kí o wò, torí táyà á kọ́kọ́ yí kí ara mọ́tò tó yà. Wo ọwọ́ kọ̀ńdọ́ pẹ̀lú: tó bá ti ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ara mọ́tò, wọ́n fẹ́ dúró nìyẹn. Dánfó tó ṣófo sì léwu ju èyí tó kún lọ, torí pé ojú dẹ́rẹ́bà wà lára èrò, kò sí lójú ọ̀nà. Ní ti tírélà àti àjàgbé, má ṣe jẹ́ kí wọ́n bá ọ lápá ọ̀tún wọn níkoríta láéláé. Ibi tí dẹ́rẹ́bà jókòó sí ga, kò lè rí ọ nísàlẹ̀. Tó bá sì yà sọ́tùn-ún, táyà ẹ̀yìn kì í tẹ̀ lé ibi tí tiwájú gbà, ńṣe ló ń gé kọ́nà kúrú, ohun tó bá wà láàárín á wọ abẹ́ rẹ̀. Dúró sẹ́yìn rẹ̀ kí ó lọ. Wọn kò ní tìtorí ìṣẹ́jú kan gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ.

O ní ojú ọ̀nà bọ́ọ̀sì BRT tẹ́jú, ó sì máa ń dá. Òótọ́ ni, mo rí i. Láti 2008 tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ láti Mile 12 dé CMS ni wọ́n ti fi kọnkéré yà á sọ́tọ̀ ní ibi púpọ̀, kọnkéré yẹn náà ni kò ní jẹ́ kí o ríbi sá sí bí bọ́ọ̀sì bá já lé ọ lẹ́yìn. Kì í ṣe tìrẹ. Ìkòròdú Road gan-an, láti Onípánu gba Fàdéyí dé Jìbówú, fi í sílẹ̀ fún ọlọ́kọ̀. Láti Bárígà, gba Akọ́kà, gba iwájú St. Finbarr's, jáde sí ẹnu géètì Unilag, kí o wá gba University Road dé Yábà. Abúlé Ìjẹ̀ṣà kò jìnnà síbẹ̀, o kò sọnù. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ wà lọ́nà yẹn náà, ṣùgbọ́n mọ́tò tó ń rákò kò lè ṣe ọ́ ní ohun tí èyí tó ń sáré àsápajúdé máa ṣe ọ́.

Èyí tí o sọ pé o fẹ́ fi kẹ̀kẹ́ dé Marina lórí Third Mainland Bridge, má dán an wò. Afárá tí wọ́n ṣí ní 1990, tó gùn tó kìlómítà 11 ó lé, tí wọn kò fi àyè kankan sílẹ̀ fún kẹ̀kẹ́ lórí rẹ̀: bí táyà bá jò láàárín ọ̀sà, níbo lo fẹ́ sọ̀ sí? Bí iṣẹ́ bá gbé ọ lọ sí Erékùṣù, wọ BRT.

Ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin máa ń fi fọ́tò ránṣẹ́ láti London, níbi tí ìjọba ìlú ti ń fi kẹ̀kẹ́ háyà fún ará ìlú lẹ́bàá títì láti 2010, tí wọ́n sì ti la ọ̀nà kẹ̀kẹ́ lọ́tọ̀ létí odò Thames. Ó dáa fún wọn. Ìjọba Èkó náà kọ ìlànà sílẹ̀ ní 2018 lórí ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́, ṣùgbọ́n ní gbogbo ibi tí èmi àti ìwọ dé, n kò rí ilà kan tí wọ́n fà fún ọ. Títí wọn ó fi fà á, ọwọ́ rẹ ni ẹ̀mí rẹ wà.

Bí òjò bá ń rọ̀, fi kẹ̀kẹ́ sílé. Omi Èkó kì í jẹ́ kí a mọ ibi tí títì parí sí àti ibi tí gọ́tà ti bẹ̀rẹ̀. Ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò ọ̀tún sókè kí ṣéènì má baà gbé e mì, bó ṣe gbé tèmi mì lójú àwọn ọmọ àdúgbò rẹ tí wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín. Jẹ́ kí ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe bá ọ wo bíréèkì ẹ̀yìn yẹn, ó ti rọ̀.

Mo ti sanwó díẹ̀ sínú àkáùntì rẹ. Má fi jẹun. Ra akoto àti iná pupa tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ kí o tó tún gùn ún jáde, kí o ya fọ́tò méjèèjì ránṣẹ́ sí ìyá rẹ. N kò tíì sọ fún un pé o kò ní ìkankan.

Èmi ni,
Àbúrò bàbá rẹ.